Orí Keje: Àyíká Ọgbà àti Ìforítì Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ LGBTQ ní Yunifásítì

Ní Maitama, lójú pópó Aguiyi Ironsi ní Àbújá, ọ́fíìsì ìjọba mẹ́ta wà tí wọn ò jìnnà síra wọn. NUC, àjọ tó ń mójú tó yunifásítì, wà ní nọ́ńbà 26. NHRC, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, wà ní nọ́ńbà 19. CAC, tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, wà ní Tigris Crescent tó yà kúrò lára títì yẹn kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ lè fẹsẹ̀ rìn dé gbogbo wọn kí oòrùn tó mú. Àjọ àkọ́kọ́ ló ń sọ ohun tí yunifásítì gbọ́dọ̀ ní kó tó kọ́ ènìyàn. Èkejì ń gba ẹ̀sùn lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá fìyà jẹ. Ẹ̀kẹta ló ń pinnu ẹgbẹ́ tó lè ní orúkọ lábẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí wọ́n yàn nínú wọn láti béèrè ìdí tí ọmọ kan tí JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìgbaniwọlé, fún láyè, tó yege, tó san owó, fi kó ẹrù rẹ̀ ní ìpele kejì tí kò padà wá mọ́.

Orí yìí dá lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan: akẹ́kọ̀ọ́ tí ìfẹ́ rẹ̀ wà sí ọkùnrin bíi tirẹ̀ tàbí obìnrin bíi tirẹ̀, tàbí tí kò rí ara rẹ̀ nínú akọ tàbí abo tí wọ́n pè é nígbà tí wọ́n bí i. LGBTQ ni a ó máa pè wọ́n, nítorí òun ni wọ́n ń pe ara wọn. A ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí Bíbélì tàbí Kùránì sọ. Ìbéèrè tiwa kéré ju ìyẹn lọ: kí ló ń mú ọmọ dúró ní yunifásítì títí yóò fi gba oyè, kí ló sì ń lé e?

Kí ni à ń pè ní àyíká ọgbà?

Kì í ṣe igi, kì í ṣe ilé ìkàwé. Àyíká ọgbà ni bí ọgbà ṣe rí lára ẹni tó wà nínú rẹ̀. Irú àwàdà wo ni olùkọ́ lè ṣe ní kíláàsì tí ẹnikẹ́ni ò ní bá a wí? Ta lèèyàn lè bá gbé yàrá láìmáa ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀? Bí wọ́n bá lù ọ́ ní ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, ta lo lè sọ fún tí kò ní kọ́kọ́ béèrè ohun tó gbé ọ débẹ̀?

Sylvia Hurtado àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń wádìí ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun ní yunifásítì láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, sọ pé ohun mẹ́rin ni kí a wò: ìtàn ilé-ìwé náà lórí ẹni tó ti gbà wọlé àti ẹni tó ti lé, iye ènìyàn tó wà níbẹ̀ láti ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n ń rò nípa ara wọn, àti ohun tí wọ́n ń ṣe sí ara wọn. Nígbà tí Sue Rankin gbé irú ìwádìí yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn LGBTQ, tó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2003, yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì 14 ló ti gba ìdáhùn. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn ò tíì gba oyè àkọ́kọ́, ìpín 36 nínú 100 sọ pé wọ́n ti fi ìyà tàbí ẹ̀gàn kan àwọn láàárín ọdún kan. Ìpín 51 nínú 100 àwọn tó dáhùn sọ pé àwọn ti fi irú ẹni tí àwọn jẹ́ pamọ́ kí wọ́n má bàa halẹ̀ mọ́ àwọn. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e ní 2010 gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó lé ní 5,000 èèyàn tó dá sí i, bíi ẹnì kan nínú mẹ́ta wọn ló sì ti rò ó dáadáa rí pé kí òun fi ọgbà náà sílẹ̀.

Ẹ wo ẹni tí ìwádìí yẹn lè bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣì wà ní ọgbà ló ń rí fọ́ọ̀mù kọ. Ẹni tó ti lọ kò sí níbẹ̀ láti dáhùn. Nítorí náà, iye àwọn tí àyíká ọgbà lé lọ kì í hàn nínú ìṣirò àyíká ọgbà rárá. Àlébù yìí wà ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń dáhùn láìbẹ̀rù ọlọ́pàá. Tiwa tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i.

Ìmọ̀ kan tún kù tí a ó lò. Ilan Meyer, tó kọ̀wé lórí rẹ̀ lọ́dún 2003, sọ pé ẹni tó wà nínú ẹ̀yà tí àwùjọ ń kórìíra ń ru ìnira kan tó yàtọ̀ sí wàhálà tí gbogbo ayé ń rí. Ọ̀kan nínú ìnira yẹn máa ń ti òde wá, bí ìlù àti èébú. Ìyókù ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹni náà: kó máa retí èébú kí èébú tó dé, kó máa pa ara rẹ̀ mọ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbà pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ọmọ tó ń fi wákàtí mélòó kan lójúmọ́ ṣọ́ bí òun ṣe ń rìn, bí òun ṣe ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń wo ojú fóònù òun, ti ná okun tí ẹlòmíì fi ń kàwé. Bí ó bá kó kárí-ofà mẹ́ta nílẹ̀, ọ̀lẹ ni wọn yóò pè é.

Ta ló ń dúró, ta ló ń lọ?

Vincent Tinto ni ọ̀pọ̀ ìwé ń tọ́ka sí lórí ìforítì akẹ́kọ̀ọ́. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1975 àti ìwé rẹ̀ ti 1987, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró bí ó bá rí ibi so mọ́ lọ́nà méjì: nídìí ẹ̀kọ́ àti láàárín ènìyàn. Ọ̀dọ̀ Durkheim, onímọ̀ ará Faransé tó kọ̀wé lórí ìpara-ẹni ní 1897, ló ti rí gbòǹgbò èrò yìí: ẹni tí kò so mọ́ àwùjọ kankan ni àwùjọ ń pàdánù. William Tierney ta ko Tinto ní 1992. Ó ní èrò náà ń di gbogbo ẹrù lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí, bí ẹni pé òun ni kó yí padà kó tó lè bá ọgbà mu, tí a ò sì bi ọgbà ní nǹkan kan.

Mo gbà pẹ̀lú Tierney, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ ju Tinto nù, torí pé ó ràn wá lọ́wọ́ láti rí nǹkan kan nílẹ̀ wa. Ní yunifásítì Nàìjíríà, ibo ni ọmọ tuntun ti ń rí ibi so mọ́? Ẹ lọ wo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọgbà èyíkéyìí. Àwọn ẹgbẹ́ ìjọ àti MSSN, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí tó ti wà láti 1954, ni wọ́n ń dúró ní géètì láti bá ọmọ gbé ẹrù. Àwọn ló ń wá bẹ́ẹ̀dì fún un, tí wọ́n ń fún un ní ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń sè ìrẹsì ní ìparí ọ̀sẹ̀. Kò sí ọ́fíìsì yunifásítì kankan tó ń ṣe ìdajì rẹ̀. Bí ara ọmọ kò bá yá, àwọn ni wọ́n ń bá a dé kíníìkì.

Ibẹ̀ náà ni ọmọ LGBTQ ti ń gbọ́ ìwàásù tó burú jù lọ nípa ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé okùn tó yẹ kó so ó mọ́ ọgbà ni okùn tó ń fún un lọ́rùn. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, ó pàdánù oúnjẹ, ẹ̀kọ́ àti ọ̀rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá dúró, yóò máa ṣe àmín sí èébú ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń dúró, tí wọ́n tilẹ̀ ń darí akọrin. Ẹni tó bá ń wá ìdí tí wọn ò fi rí wọn nínú ìwádìí lè bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí.

Ohun tí òfin ṣe sí ọgbà

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ta ko ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ohun tó kan ọgbà yunifásítì kì í ṣe ìgbéyàwó, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń gbéyàwó? Abala 5 ló kàn wọ́n: ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tàbí tó bá wà nínú rẹ̀, àti fún ẹni tó bá ti ẹgbẹ́ tàbí ìpàdé wọn lẹ́yìn. Ní Àbújá, Penal Code ilẹ̀ Àríwá ṣì wà lẹ́yìn òfin yìí. Abala 284 rẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìbálòpọ̀ tó pè ní èyí tó lòdì sí ìṣẹ̀dá, abala 405 sì ka ọkùnrin tó bá múra bí obìnrin níta gbangba mọ́ àwọn alárìnkiri.

Ṣé olùgbaninímọ̀ràn ní yunifásítì ti wá di ọ̀daràn bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá sọkún lọ́fíìsì rẹ̀? Rárá. Kò sí gbólóhùn kan nínú òfin 2014 tó ní kí ó lọ fi ẹnikẹ́ni sùn, kò sì sí èyí tó ní kó má gbọ́ ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin bá wá, tó sì ní kí wọ́n máa pàdé ní ọ́fíìsì òun ní gbogbo ọjọ́rú, ó ti di ohun tí agbẹjọ́rò lè pè ní ìpàdé. Nítorí náà, ohun tí àwọn ilé-ìwé tó wà ní Amẹ́ríkà gbára lé jù, ìyẹn ẹgbẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn dá sílẹ̀, ni òfin kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀ tiwa. Lọ́dún 2018, Pamela Adie lọ sí CAC láti forúkọ ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. CAC kọ̀. Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá náà sọ lọ́dún yẹn pé CAC jàre, torí òfin 2014.

Òfin tún ń bá àwọn tí kò kà á rí sọ̀rọ̀. Ní oṣù Èrèlè 2014, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré lẹ́yìn tí ààrẹ fọwọ́ sí i, àwọn èrò ya wọ Gishiri, abúlé kan ní Àbújá tí kò jìnnà sí Maitama. Wọ́n wọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 14 jáde nílé wọn, wọ́n sì lù wọ́n bí ẹni máa kú. Kò sí ilé-ẹjọ́ tó rán wọn. Ọ̀rọ̀ irú èyí kì í dúró sí abúlé tó ti ṣẹlẹ̀. Ó máa ń dé họ́sítẹ́ẹ̀lì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe gbà pé 2014 ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bisi Alimi, tí wọ́n bí ní Mushin lọ́dún 1975, kàwé nípa eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Èkó. Ní ọdún tó fẹ́ jáde, ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé e jáde pé ọkùnrin ló ń fẹ́. Wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn rẹ̀ ṣe lọ, ó gba oyè rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi ìwé-ẹ̀rí dù ú, torí wọ́n ní ìwà rẹ̀ kò yẹ ẹni tó jáde láti ilé-ìwé náà. Lọ́dún 2004 ó sọ òótọ́ ara rẹ̀ lórí ètò Funmi Iyanda ní NTA, tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀. Ní 2007 ó sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti padà gba oyè kejì ní Birkbeck. Òfin 2014 kò tíì sí nígbà yẹn. Criminal Code ilẹ̀ Gúúsù wà, pẹ̀lú abala 214 rẹ̀ tó fi ìyà sí irú ìbálòpọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Ìwé ìròyìn ọmọ ilé-ìwé kan àti ìgbìmọ̀ kan ti tó. Ẹ fiyè sí i pé ìdánwò kọ́ ni wọ́n fẹ́ fi gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀, ìwà ni. Ní àwọn yunifásítì aládàáni kan tí ìjọ dá sílẹ̀, ó wà nínú ìwé òfin akẹ́kọ̀ọ́ títí di òní pé lílé ni ẹ̀san irú ẹ̀sùn yìí.

Owó, ilé àti ìdáṣẹ́sílẹ̀

Ìwé òyìnbó kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lórí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, torí ní ilẹ̀ wọn yáwó-kàwé ti pẹ́. Ní Nàìjíríà, bàbá àti ìyá, tàbí ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun, ló ń san owó. Bí ẹnì kan bá fi àwòrán ránṣẹ́ sílé, owó lè dúró ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sí ìgbìmọ̀ ìbáwí tó yára tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníjìbìtì mọ èyí dáadáa. Kito ni àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn ń pè é: ẹnì kan á díbọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí olólùfẹ́, á ní kí ọmọ náà wá pàdé òun, àwọn méje á sì jáde láti inú yàrá. Wọ́n á lù ú, wọ́n á gba fóònù, wọ́n á ká fídíò rẹ̀, wọ́n á wá ní kó yan ọ̀kan nínú méjì, kó sanwó tàbí kí àwọn fi fídíò náà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Owó ilé-ìwé ló sábà máa ń wà ní àkáǹtì ọmọ yunifásítì. Òun ni wọ́n ń kó lọ. Nígbà tí àkókò ìdánwò bá tó, tí kò rí owó san, orúkọ rẹ̀ kò ní sí lára àwọn tó lè jókòó. Ohun tí ìwé yóò sọ ni pé kò sanwó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Òfin kò fi irú ọmọ yìí sílẹ̀ pátápátá. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 fi ìyà sí ìhàlẹ̀ láti gba owó. Òfin VAPP ti ọdún kan náà, tó ta ko ìwà ipá sí ènìyàn tó sì de Àbújá, dáàbò bo ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fìyà jẹ, kò sì béèrè ẹni tó ń fẹ́. NHRC, tí òfin 1995 dá sílẹ̀ tí wọ́n sì fún lágbára sí i ní 2010, lè gba ẹ̀sùn rẹ̀. Lóòótọ́, abala 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ka ẹ̀yà, ibi tí a ti wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn àti èrò òṣèlú, kò sì ka ẹni tí ènìyàn ń fẹ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n abala 34, tó sọ̀rọ̀ nípa iyì, sọ pé ti olúkúlùkù ni. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kí ọmọ tó lè sọ bí wọ́n ṣe jí owó rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó lọ ṣe níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń dákẹ́.

Láti 2024 ni nǹkan kan ti yí padà, mi ò sì rò pé àwọn tó ṣe é ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí lọ́kàn. Òfin yáwó-kàwé ti 2023 béèrè onídùúró, ó sì wo iye tó ń wọlé fún ìdílé. Èyí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Igbe 2024 yọ ìwọ̀nyí kúrò. NELFUND, àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó náà, ń san owó tààrà sí àkáǹtì ilé-ìwé, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ₦20,000 lóṣù fún jíjẹ mímu. Ọmọ tí ilé kọ̀ lè béèrè fún un láìjẹ́ pé bàbá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò dé yunifásítì aládàáni, níbi tí ìwé òfin ti le jù.

Ìdáṣẹ́sílẹ̀ ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, náà wà níbẹ̀. Ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Èrèlè, kò sì parí títí di oṣù Ọ̀wàrà, oṣù mẹ́jọ gbáko. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló pàdánù, ṣùgbọ́n wọn ò pàdánù bákan náà. Fún ọmọ tí ọgbà jẹ́ ibì kan ṣoṣo tí wọn ò ti ń bi í ní ìgbà tí yóò mú ìyàwó wálé, oṣù mẹ́jọ nílé gùn ju oṣù mẹ́jọ lọ.

Bí a ṣe lè wádìí ohun tí ẹnu ò gbọdọ̀ sọ

NUC máa ń rán àwọn olùyẹ̀wò lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń wo ohun tí wọ́n ń kọ́ni, àwọn olùkọ́, ilé àti irinṣẹ́, ilé ìkàwé, owó, àti ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ sọ. Ẹ̀ka tó bá gba ìpín 70 nínú 100 sókè lè gba ìwé ọdún márùn-ún. Kò sí àyè lórí fọ́ọ̀mù yẹn fún bí ọgbà ṣe rí lára akẹ́kọ̀ọ́ kankan, yálà arọ, obìnrin tàbí LGBTQ. Mo rò pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀, torí pé a lè bi gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ léèrè láìbi ẹnikẹ́ni ní irú ẹni tó jẹ́. «Ǹjẹ́ o ti gbọ́ kí olùkọ́ fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀sín nítorí bó ṣe ń rìn tàbí bó ṣe ń múra?» Ìbéèrè yẹn kò fi ẹnikẹ́ni hàn.

Ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn LGBTQ fúnra wọn sọ̀rọ̀ ní iṣẹ́ tó wúwo ju ìyẹn lọ. Ọ̀nà tí wọ́n sábà ń gbà ni pé kí ẹnì kan mú ẹlòmíì wá, èyí tó ń gbé olùwádìí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ọ̀rẹ́, tí kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dá wà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó dá wà ni Tinto ní yóò kọ́kọ́ lọ. Òfin ààbò dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ẹni mọ́ àwọn dátà tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù lọ. Nọ́ńbà fóònù, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti ìpele, bí ẹ bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú ewé kan ní ẹ̀ka tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 30, ẹ ti kọ orúkọ. Mo ti ka iṣẹ́ àṣekágbá tó fi ìlú àti ẹ̀ka ẹni tó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò síbẹ̀ ní kedere, tí alábòójútó sì máàkì rẹ̀ ní A.

Èrò àwùjọ lè yí padà, bó tilẹ̀ ń falẹ̀. Nígbà tí Pew, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, béèrè lọ́dún 2013 bóyá kí àwùjọ gba àwọn tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn tàbí obìnrin bíi tiwọn, ìpín 1 péré nínú 100 ọmọ Nàìjíríà ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2019 ó di ìpín 7. Ní Botswana, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, Letsweletse Motshidiemang, ló gbé ìjọba lọ sílé-ẹjọ́ lórí òfin tó fi ìyà sí ìbálòpọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jàre ní 2019, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2021. Ní Gánà, ọ̀nà ibòmíì ni wọ́n gbà: ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn gba àbádòfin tó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ní oṣù Èrèlè 2024, ààrẹ kò sì fọwọ́ sí i títí sáà fi parí.

Ìbéèrè àti iṣẹ́ ṣíṣe

1. Nínú lẹ́tà ìfiléèwésílẹ̀, «ìdí ara ẹni» ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ. Ṣe ètò bí ọ́fíìsì tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láìṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Sọ ohun tí ètò rẹ kò ní lè mọ̀.

2. Fi ọ̀rọ̀ Tinto àti ti Tierney wo ẹgbẹ́ ìjọ tàbí MSSN kan ní ọgbà rẹ. Má ṣe kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

3. Olùgbaninímọ̀ràn kan ní yunifásítì kan ní Àbújá gba akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti ṣe ní kito, tí owó ilé-ìwé rẹ̀ sì ti lọ. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ka abala 5 òfin 2014 àti òfin VAPP, kí o sì kọ ohun tó lè ṣe ní ọjọ́ yẹn gan-an, ẹni tó lè pè, àti ohun tí kò gbọdọ̀ kọ sínú fáìlì.